Ìwé Jẹ́nótáìpù: Kí Ẹ Tó So Yìgì



Àwọn lèmọ́mù wa kan ti ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù báyìí kí wọ́n tó so yìgì. Ó dára púpọ̀. Nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní sickle cell, fòníkú-fọ̀ladìde, ni à ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Bí AS bá fẹ́ AS, ewu SS jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin lórí oyún kọ̀ọ̀kan; kì í ṣe pé bí ẹ bá ti bí ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni ìwé yẹn ń sọ?

Àyẹ̀wò tó ṣe é gbára lé, bí a bá tún un ṣe, èsì kan náà ni yóò mú wá, èsì náà yóò sì jẹ́ òótọ́. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹ wo ọ̀pá tí a fi ń wọn aṣọ ní Ìdúmàgbò: bí wọ́n bá gé orí rẹ̀ díẹ̀, iye kan náà ni yóò máa wọ̀n láàárọ̀ lálẹ́, aṣọ oníbàárà kò sì ní pé láé.

Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò sickling rí. Ó lè sọ pé S wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, kò sì rí C rárá. C sì wà láàárín àwa Yorùbá dáadáa! AS tó bá fẹ́ AC lè bí SC, àìsàn gidi sì ni. Electrophoresis ni kí ẹ béèrè fún, kí wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tiyín láti fi wé e. HPLC tún ṣe kedere jù ú lọ.

Bí àwọn aláyẹ̀wò bá wá sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀. Fàtímọ̀ mélòó ló wà ní àdúgbò wa? Orúkọ bàbá, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, lójú ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára kí ó sọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè mú SS jọ AS.

Ẹ ṣe é ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Tí a bá ti ra aṣọ ẹbí tán, ta ni yóò fẹ́ gbọ́ èsì mìíràn? Ilé-iṣẹ́ Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà, níwájú LUTH. Bí èsì méjèèjì bá ta kora, ẹ má yan èyí tó wù yín. Ẹ lọ ṣe ẹ̀kẹta pẹ̀lú HPLC.