Ẹ Kọ Ti Yìnyín Kí Ẹ Tó Kọ Ti Ẹyẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń lọ wo ẹyẹ ní Utqiaġvik, lókè téńté Alaska, ẹyẹ ni yóò máa fa ojú yín. Yìnyín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹyẹ kì í yé níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi là.

Ẹ ri ọ̀pá mọ́ ibì kan, kí ẹ máa dúró tì í ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Ìdá mélòó nínú mẹ́wàá ilẹ̀ iwájú yín ni yìnyín ṣì bò? Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó ṣí ewé ìwé àná, kí ẹ má baà fi ojú àná wo tòní. Ilẹ̀ ibẹ̀ pín ní igun-igun, bí ẹni pé wọ́n kọ ebè yí oko kéékèèké ká. Orí ebè yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń gbá yìnyín lọ. Ebè náà ló kọ́kọ́ ń dúdú, oòrùn á sì mú un dáadáa. Omi tó yọ́ kò ríbi wọlẹ̀, nítorí abẹ́ ilẹ̀ dì gbagidi tọdún tọdún. Ó di adágún. Níbẹ̀ ni kòkòrò ti ń jáde, òun ni ọmọ ẹyẹ etí omi ń ṣà jẹ fúnra rẹ̀ gbàrà tó bá jáde nínú ẹyin. Bí yìnyín bá tètè yọ́, tí kòkòrò sì jáde tán kí ẹyẹ tó pamọ, ebi dé nìyẹn.

Oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n wákàtí kò dọ́gba. Lóru ojú yìnyín máa ń le, á gba ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án ẹ lè rì dé orúnkún. Kí ẹnikẹ́ni má dá rìn, bíárì funfun wà létí òkun.

Ní ti ẹyẹ etí omi tí wọ́n ń pè ní red phalarope, èyí tó pupa fòò ni abo. Akọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá ló ń sàba. Ẹ má tẹ̀lé abo wá ìtẹ́. Bí ẹ bá rí ẹyin mẹ́rin tí ṣóńṣó wọn kọjú síra, ẹ kọ ibẹ̀, kí ẹ kúrò kíá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹyin ń tutù, jaeger, ẹyẹ tó ń jí ẹyin jẹ, sì ń wò yín láti òkè. Ìgbà ooru ibẹ̀ kúrú. Ẹyẹ tó pàdánù ẹyin lè má ráyè yé òmíràn.

Lọ́jọ́ tí yìnyín bá tán pátá, ẹ ṣì lọ sídìí ọ̀pá yín, kí ẹ kọ òdo. Bí ẹ bá fi ewé sílẹ̀ lófìfo, ẹni tó máa kà á kò ní mọ̀ bóyá yìnyín ni kò sí, tàbí ẹ̀yin ni kò lọ.