Èbu Tó Ní Oró àti Èyí Tí Kò Ní

A ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín pé àgbàdo tí kò gbẹ kó tó wọnú àpò yóò bu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé èbu gan-an ni oró. Rárá o. Èbu ló ń ṣe oró, kì í sì í ṣe gbogbo èbu ló ń ṣe é. Oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àgbàdo tó ní in pa ènìyàn 125 ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004. Èbu Aspergillus flavus ló sábà máa ń ṣe é. Jíìnì tó fi ń ṣe é lé ní 20. Jíìnì ni àṣẹ iṣẹ́ tí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ń jogún; ẹ fi wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn gígùn. Ìlẹ̀kẹ̀ oró kò fọ́n káàkiri okùn náà. Ojú kan ni wọ́n wà, wọ́n fara kanra. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ: ojú kan ni wọ́n wà. Nítorí náà, bí okùn bá já níbẹ̀, gbogbo wọn lè bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe rí fún àwọn èbu kan nìyẹn. Lára àwọn mìíràn, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló fọ́, iṣẹ́ oró sì dúró.

Ẹnìkan lè bi wá pé: bí oró bá wúlò fún èbu, báwo ni àwọn tó sọ ọ́ nù ṣe ṣì wà láàyè? Oró ṣíṣe ń gba agbára. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dán an wò, níbi tí ìdin ti ń bá èbu du oúnjẹ, olóró ló gbèrú. Nínú ilẹ̀ tí kò sí ìdin, aláìlóró ló borí. Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí irú méjèèjì fi wà lóko. Ẹlòmíràn á ní kí a kúkú jẹ aláìlóró. Ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀? Àwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n ní, iná ìdáná kì í sì í pa oró yìí tán. Ẹni tó bá po àgbàdo tó bu mọ́ èyí tó dára kó lè tà á, ọmọ ọlọ́mọ ló ń fún ní oró jẹ; ìwà ìkà ni. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA n'Íbàdàn ti sọ aláìlóró di ohun èlò: wọ́n ń fi í ra ọkà bàbà tí wọ́n ti pa kó má baà hù, Aflasafe sì lorúkọ rẹ̀. Kílò 10 ni àgbẹ̀ ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kí aláìlóró lè gba ilẹ̀ kí olóró tó dé ibẹ̀.