Ẹ Má Ju Búrọ́ọ̀ṣì Sílẹ̀

Ìbéèrè: Olótùú, ayàwòrán ni mí ní Ẹdẹ. Mo ń gbé iṣẹ́ mi sórí Facebook, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ wo Òṣogbo tó múlé tì yín: iná orí ìtàgé ni ayàwòrán Jímọ̀ Bùràímọ̀ ń bójú tó fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ kó tó dara pọ̀ mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán yíyà tí Georgina Beier ṣe ní 1964. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ń tò mọ́ àwòrán layé wá fi mọ̀ ọ́n. Àárín ẹgbẹ́ ló ti gbọ́n, kò dá a ṣe. Ẹ wá ayàwòrán mẹ́ta-mẹ́rin tó lè bá yín sòótọ́, kẹ́yin náà máa yẹ tiwọn wò. Ní ti Facebook, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti máa ya fọ́tò iṣẹ́ yín, láàárọ̀. Iná gílóòbù ń ba àwọ̀ jẹ́ nínú fọ́tò.