Gígun Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbàlagbà Tí Eré Ìmárale Kò Tíì Mọ́ Lára

Àwọn kókó pàtàkì

• Ní ọdún 2022, ìdá 31 nínú 100 àwọn àgbàlagbà lágbàáyé, ìyẹn nǹkan bí bílíọ̀nù 1.8 ènìyàn, ni kò ṣe eré ìmárale tó bí ó ti yẹ. Iye àwọn obìnrin tí kò ṣe é tó pọ̀ ju ti àwọn ọkùnrin lọ.
• Ewu ikú fún àwọn tí kì í ṣe eré ìmárale tó fi ìdá 20 sí 30 nínú 100 ju ti àwọn tó ń ṣe é tó lọ.
• Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìmárale oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ẹni tí kò bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ yóò jàǹfààní nínú ìwọ̀nba tó bá lè ṣe.
• Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ẹni tó jókòó lé e, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ni orúnkún àti ìbàdí lára bí eré sísá.
• Olùbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó rọrùn, kí ó sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.
• Ẹni tí àyà bá ń dùn, tí òòyì bá ń kọ́, tàbí tí kò lè mí dáadáa lórí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì wá ìtọ́jú.

Àkópọ̀

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yòókù ló gun kẹ̀kẹ́ nígbà èwe wọn, tí wọ́n sì pa á tì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ mọ́tò tàbí ọ̀kadà. Àwọn mìíràn kò kọ́ ọ rí. Iṣẹ́ àjókòóṣe ní ọ́fíìsì, ìjókòó láti àárọ̀ di alẹ́ ní ìsọ̀ ọjà, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ara rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí ọjọ́ orí bá sì ti ń lọ, gígun àtẹ̀gùn ilé kan ṣoṣo lè mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹni bẹ́ẹ̀, àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gbà á nímọ̀ràn, ni a kọ ìwé yìí fún. Kò sí ìdí láti dúró di ìgbà tí ara bá le kí a tó gun kẹ̀kẹ́, nítorí pé gígun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò mú ara le, bí a bá ṣe é ní ìwọ̀n.

Ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, tọkùnrin tobìnrin ló ń gun kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù lọ sí ibi iṣẹ́ àti sí ọjà, àwọn òpópónà ńlá kan sì ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, ohun tálákà tàbí ohun ìṣeré ọmọdé ni àwọn ènìyàn ka kẹ̀kẹ́ sí. Ìtìjú yìí ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, pàápàá àwọn obìnrin àti àwọn tó sanra. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera mẹ́nu kàn án fúnra rẹ̀, nítorí aláìsàn lè má sọ ọ́.

Àǹfààní rẹ̀ fún ara

Nígbà tí iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra láti fi ṣe agbára. Ọkàn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí déédéé ń lágbára sí i láti ta ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì lè wálẹ̀. Eré ìmárale déédéé ń dín ewu àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀, àtọ̀gbẹ oríṣi kejì àti àwọn irú jẹjẹrẹ kan kù. Ó ń mú kí oorun dùn, ó sì ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn kù.

Ìwúwo ara lè má yí padà rárá ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe tìtorí èyí pa kẹ̀kẹ́ tì. Ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ń jàǹfààní kódà nígbà tí òṣùwọ̀n kò tíì sọ ohun tuntun.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà tí kò ní àìsàn kankan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n fífúyẹ́ láìṣe àyẹ̀wò pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí òṣìṣẹ́ ìlera bí:

• àyà bá máa ń dùn yín, tàbí tí ẹ bá ti dákú rí nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ agbára;
• ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá jẹ́ 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò láti ọdún kan;
• ẹ bá ní àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde;
• oríkèé ara kan bá wú tàbí tó ń dùn yín gidigidi;
• ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ sinmi títí ara yóò fi yá.

Yíyan kẹ̀kẹ́ àti títò ó

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó dára tó fún olùbẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé búréèkì méjèèjì ń mú, pé táyà kò sán, pé ṣéènì kò dípẹtà, àti pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò mì. Táyà tó fẹ̀ dára jù fún ojú ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí. Kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ rẹlẹ̀ rọrùn láti gùn fún ẹni tí ìbàdí rẹ̀ le, tàbí ẹni tó wọ aṣọ gígùn. Ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ẹ má sì wọ ìró tó lè há sínú ṣéènì.

Gíga ìjókòó ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí yín tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún yín yóò tẹ̀ díẹ̀. Ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù ni ó sábà máa ń fa ìrora ní iwájú orúnkún.

Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí, tàbí tó ti gbàgbé, lè kọ́kọ́ rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi kan ilẹ̀. Kí ó máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa yí lọ, títí yóò fi lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè láìṣubú. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó máa wa pẹ́dà. Pápá ilé-ìwé tó ṣófo tàbí àdúgbò tí ọkọ̀ kì í pọ̀ ló yẹ fún èyí, kì í ṣe ojú títì. Nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n gùn, kí ó tún gbé ìjókòó sókè bí a ti ṣàlàyé.

Ètò ọ̀sẹ̀ 12

• Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2: ìṣẹ́jú 10, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.
• Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4: ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.
• Ọ̀sẹ̀ 5 sí 6: ìṣẹ́jú 20, ọjọ́ mẹ́rin.
• Ọ̀sẹ̀ 7 sí 8: ìṣẹ́jú 25, ọjọ́ mẹ́rin.
• Ọ̀sẹ̀ 9 sí 12: ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún. Èyí jẹ́ ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀.

Ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ àti ti ìgbẹ̀yìn rọra gùn ún. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá nira, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí àìsàn tàbí ìrìn-àjò bá dá yín dúró, ẹ padà sí ìwọ̀n tó rọrùn, ẹ má gbìyànjú láti san gbèsè ọjọ́ tó ti kọjá. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ fi eré tó ń mú iṣan le kún un, bíi dídìde àti jíjókòó lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Láti mọ̀ bóyá ipá tí ẹ ń lò bá ìwọ̀n mu, ẹ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kan tán ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní jíà, ẹ lo èyí tó fúyẹ́, kí ẹsẹ̀ máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí òkè bá ga jù, kò sí àbùkù nínú sísọ̀kalẹ̀ láti ti kẹ̀kẹ́.

Ìdí lè máa dùn yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó sábà máa ń lọ bí ara bá ti mọ́ ọn. Bí abẹ́ tàbí ọwọ́ bá ń kú tipiri, ẹ dìde díẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì tún ìjókòó tò. Ìrora orúnkún tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fara dà. Ẹ sinmi, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera.

Ooru, ọyẹ́ àti òjò

Àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò tíì mú, ló dára jù. Ẹ mu omi kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì mú omi dání. Ní àkókò ọyẹ́, eruku lè da ikọ́ fée sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí eruku bá bo ojú sánmà, ẹ ṣe eré ìmárale nínú ilé. Nígbà òjò, búréèkì kì í tètè mú, adágún omi sì lè bo kòtò mọ́lẹ̀.

Ààbò lójú ọ̀nà

Nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ló ń kú lọ́dọọdún nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lágbàáyé. Ó lé ní ìlàjì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń gun alùpùpù. Nítorí náà:

• Ẹ dé akoto tó bá orí yín mu, kí ẹ sì so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n.
• Ẹ gba apá ọ̀tún, ẹ máa lọ síbi tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ má ṣe kojú wọn.
• Ẹ wọ aṣọ tó mọ́ fòò. Bí ẹ kò bá ní iná, ẹ má gùn ún lálẹ́.
• Ẹ má fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, ẹ má lo fóònù, ẹ má sì mu ọtí.
• Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ tó dúró, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ṣàdédé ṣí.

Ìmọ̀ràn fún àwọn tó ní àìsàn

Àtọ̀gbẹ: Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn tó lè mú ṣúgà wálẹ̀ jù gbọ́dọ̀ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kí ó tó jáde. Bí kò bá tó 5.0 mmol/L (90 mg/dL), kí ó jẹun díẹ̀ ná. Kí ó mú ṣúgà tàbí glucose dání. Bí òógùn òjijì, gbígbọ̀n tàbí òòyì bá dé, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó sì lá a. Kí ó máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún egbò lójoojúmọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru: Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ẹ ti ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn oògùn kan kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, nítorí náà ẹ lo ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ dípò kíka ìlù ọkàn. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ooru.

Ikọ́ fée: Ẹ mú oògùn àfàsímú yín dání nígbà gbogbo.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde: Ẹ gba àṣẹ dókítà, ẹ mu omi púpọ̀, ẹ sinmi léraléra, ẹ yẹra fún òtútù àti ooru líle, ẹ má sì ṣe é dé ibi tí yóò ti rẹ̀ yín tẹnutẹnu.

Àmì ewu

Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn bí àyà bá fún yín tàbí tó ń dùn yín, bí ìrora bá ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, bí ẹ kò bá lè mí dáadáa lẹ́yìn ìsinmi, bí ọkàn bá ń lù kìkì láìdọ́gba, tàbí bí ẹ bá dákú. Bí ojú bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú, tàbí tí ọ̀rọ̀ lọ́ lẹ́nu, àrùn rọpárọsẹ̀ lè ni. Gbogbo ìṣẹ́jú ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ṣubú tó sì fi orí gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò, kódà bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ìmọ̀ràn tó ní ọjọ́, ibi àti ìwọ̀n nínú wúlò ju “ẹ máa ṣe eré ìmárale” lọ. Àpẹẹrẹ nìyí, láàárín nọ́ọ̀sì kan àti òǹtajà ẹni ọdún 52 tí oògùn ti kápá ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀:

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀ dáadáa. Ìgbà wo lẹ gun kẹ̀kẹ́ gbẹ̀yìn?”
“Háà, nọ́ọ̀sì! Láti ilé-ìwé ni. Ṣé irú èmi yìí náà ló máa gun kẹ̀kẹ́? Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín.”
“Wọ́n lè rẹ́rìn-ín lóòótọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ní pápá ilé-ìwé wà lẹ́yìn ilé yín, kì í sì í sí ènìyàn níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?”
“Ọjọ́ Ajé kò ṣeé ṣe, mo máa ń tètè lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ ká fi í sí Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta.”
“Mo ti kọ ọ́ sínú káàdì yín. Bí àyà bá dùn yín, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ padà wá rí mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mà.”

Nọ́ọ̀sì yìí kò jiyàn lórí ìtìjú náà. Ó wá ibi tí ojú kò pọ̀ sí. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló yan ọjọ́. Nígbà tó bá padà wá, kí ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bí kẹ̀kẹ́ ti ń lọ kí ẹ tó gbé e lé òṣùwọ̀n.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ṣe

Ètò ìgbésẹ̀ àgbáyé lórí eré ìmárale fún ọdún 2018 sí 2030 ń lépa láti dín àìṣeré-ìmárale kù ní ìdá 15 nínú 100 títí di ọdún 2030. Ó ń rọ àwọn ìjọba láti ṣe ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè gbà láìfòyà. Ní ọdún 2018 pẹ̀lú ni Àpéjọ Gbogboogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Kẹ̀kẹ́ Àgbáyé. Àwọn ilé ìwòsàn lè fi ọjọ́ náà ṣe ìpolongo, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ènìyàn wò, kí wọ́n sì ran àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ láti gun ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọn.