Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ariwo Iwájú Ọkọ̀ Fọ́ọ̀-Wíìlì, Kí Ló Ń Sọ?

Nínú ẹ̀kọ́ toṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn píkọ́ọ̀pù fọ́ọ̀-wíìlì tó ti dàgbà ni a fẹ́ sọ, pàápàá irú Toyota Hilux àtijọ́ tí irin gbọọrọ kan so táyà iwájú ọ̀tún mọ́ tòsì. Ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Toyota kọ́kọ́ gbé Hilux fọ́ọ̀-wíìlì jáde. Irú ọkọ̀ báyìí ló ń kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó jáde lóko nígbà tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́. Owó ẹ̀yáwó ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń rà á. Nítorí náà, ariwo iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Ohun tó ń jẹ owó jù ni pé kí a gbọ́ "gbì, gbì", kí a sì sáré ra ohun tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ dárúkọ. A ra ṣọ́ọ̀kì, ariwo ṣì wà ńbẹ̀. A ra bẹ́árìnì, kò lọ. Àìsàn tí a kò tíì mọ̀, báwo la ṣe fẹ́ ra oògùn rẹ̀?

ÌKÍNÍ: Ẹ TẸ́TÍ SÍ I
Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀. Ṣé orí eré ni ó ti ń dún, àbí tí ẹ bá ń rọra lọ? Ṣé tí ẹ bá yí sítíárìn ni? Ṣé tí ẹ bá tẹ bíréèkì? Ṣé tí táyà bá bọ́ sí kòtò? Àbí ìgbà tí ẹ bá fi í sí fọ́ọ̀-wíìlì nìkan?

ÌKEJÌ: OHUN TÍ ARIWO KỌ̀Ọ̀KAN Ń SỌ
(a) "Hùùù" tó ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀: bẹ́árìnì táyà ni tàbí táyà fúnra rẹ̀. Táyà ẹrẹ̀ tó ní eyín ńláńlá máa ń hó lórí ọ̀dà. Ẹ gbé táyà iwájú sẹ́yìn; bí ariwo bá tẹ̀lé e lọ sẹ́yìn, táyà ni. Bí ó bá dúró síwájú, ẹ fura sí bẹ́árìnì. Tí ọkọ̀ bá ń kọ sí òsì, ìwúwo rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ariwo bá le sí i nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ apá ọ̀tún wò.

(b) "Ta-ta-ta" tí ẹ bá ń kọ kọ̀rọ̀ nínú fọ́ọ̀-wíìlì: ẹ wá ilẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀, kí ẹ fi í sí fọ́ọ̀-wíìlì, kí ẹ rọra máa yí sítíárìn. Lẹ́yìn náà, ẹ dá gíà padà, ẹ yí lọ́ọ̀kì àárín táyà iwájú láti LOCK sí FREE, kí ẹ tún un ṣe. Bí ariwo bá dákẹ́, jọ́ìntì orí ṣáàfúùtì tó ń yí táyà iwájú ló ti jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí ọkọ̀ bá ń fà tìkọ̀tìkọ̀ ní kọ̀rọ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ nínú fọ́ọ̀-wíìlì, àìsàn kọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ má lò ó lórí ọ̀dà gbígbẹ rárá.

(d) "Gbì" nínú kòtò: rọ́bà búṣì etí sípíríìnì tàbí ti ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Owó wọn kò tó ti ṣọ́ọ̀kì odindi.

(e) "Kíí" bí ẹ bá tẹ bíréèkì: páàdì lè ti tán. Bí ó bá ń dún láìtẹ bíréèkì, òkúta kékeré lè ti há sẹ́yìn páàlì bíréèkì.

ÌKẸTA: Ẹ GBÉ E SÓKÈ
Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ lò. Ẹ fa hándì-bíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kí ẹ sì fi ìdúró irin tì í lábẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Ẹ fi ọwọ́ kan sókè táyà, ọwọ́ kan sísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bí ó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì ín. Bí ó bá dúró gírí, bẹ́árìnì ló dẹ̀. Bí ó bá ṣì ń mì, kíńpíìnì ni. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ kan lọ́tùn-ún, ọwọ́ kan lósì: bí ó bá mì, ẹ wo àwọn orí táì-rọ́ọ̀dù.

Bẹ́árìnì tó dẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ti kú. Wọ́n lè tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n kún un ní gíríìsì tuntun, kí wọ́n sì fún un dáadáa. Èyí tó bá ti jẹ nìkan ni ká pààrọ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn táyà iwájú: bí gíríìsì tó yọ́ bí ọbẹ̀ bá ń ṣàn níbẹ̀, síìlì inú ti gé. Ọ́ìlì inú dífù ń fọ gíríìsì jọ́ìntì nù. Síìlì kékeré tí ẹ bá fi sílẹ̀ lónìí lè di owó jọ́ìntì lọ́la.

ÌKẸRIN: ÈYÍ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ DỌ̀LA
Búṣì lè dúró di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n táyà tó ń mì, táì-rọ́ọ̀dù tó ti dẹ̀, nọ́ọ̀tì táyà tó tú àti bíréèkì tó ń lọ irin kò gbọdọ̀ gbé ẹrù kankan, bí ọjà tiẹ̀ ń bàjẹ́ lóko. Ọjà tó bàjẹ́, a ó rí òmíràn. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ẹ gé ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹ fi sínú ọkọ̀, kí ẹ sì kà á fún dẹ́rẹ́bà yín. Bí ẹ bá fẹ́ yá owó fún àtúnṣe, ẹ mú ìdánwò tí ẹ ti ṣe àti ohun tí ẹ rí wá sípàdé, kí ó lè hàn pé ohun tó bàjẹ́ gan-an ni owó ẹgbẹ́ fẹ́ rà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.