Ṣé àrùn Táíwò yóò kan Kẹ́hìndé?

"Dókítà, Táíwò mi obìnrin wà ní London. Ojú rẹ̀ kan ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, wọ́n ní multiple sclerosis ni. Kẹ́hìndé, ọkùnrin, wà lọ́dọ̀ mi níbí. Àwọn ẹbí bàbá wọn sọ pé àrùn ìdílé tèmi ni. Ṣé kí n mú un lọ ṣe àyẹ̀wò jíìnì? Wọ́n tún ní oògùn rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lára aláwọ̀ dúdú." (Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àìfararọ. Ọlọ́run yóò wo Táíwò sàn. Nínú MS, àwọn ọmọ-ogun ara ló ń ṣi ọ̀tá mọ̀, wọ́n ń jẹ ọ̀rá tó bo iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín fúnra yín. Bí ọ̀kan bá jẹ́ obìnrin, tí èkejì jẹ́ ọkùnrin, wọn kò ti inú ẹyin kan náà wá. Àwọn ẹlẹ́yin kan ni jíìnì wọn bára mu. Bí MS bá mú ọ̀kan nínú wọn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu ti èkejì. Ẹ ò rí i pé àwọn náà gan-an, ọ̀pọ̀ ló ń bọ́. Ti ẹlẹ́yin méjì dà bíi ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán, kì í sábà ju 5 nínú 100 lọ, àárín àwọn òyìnbó tí àrùn náà pọ̀ sí ni wọ́n sì ti ka iye yẹn. Ẹlẹ́yin méjì ni púpọ̀ jù nínú ìbejì Yorùbá, títí dé Ìgbó-Ọrà. MS sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta.

MS kò rí bí AS àti SS tí gbogbo wa mọ̀. Jíìnì tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lé ní 200, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni wọ́n sì ti ń wá. Bí ẹ̀bi bá wà, kí àwọn ẹbí ọkọ yín mú ìdajì tiwọn. Èyí tó lágbára jù, HLA-DRB1*15:01, wọ́pọ̀ ní àríwá Yúróòpù, ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun, oníṣègùn ọpọlọ, kọ ọ́ láti Ìbàdàn pé MS ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláìsàn wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí MRI nígbà náà láti fi wá a.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni kí ẹ fọkàn sí jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ: àwọn aláwọ̀ dúdú kò tó nǹkan nínú àwọn tí wọ́n fi dán oògùn MS wò, ìyẹn kò sì dára. Ní Amẹ́ríkà, interferon kò ran àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ tó àwọn funfun nínú ìwádìí kan, ṣùgbọ́n àwọn oògùn tuntun bí ocrelizumab ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Oògùn kan wà, siponimod, tí wọ́n máa ń yẹ jíìnì aláìsàn wò kí wọ́n tó fún un, torí ẹ̀dọ̀ àwọn kan kì í tètè tú u ká. Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àrùn mìíràn, neuromyelitis optica. Òun náà ń ba ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, ó jọ MS, ó sì ń mú èèyàn dúdú ju funfun lọ. Àwọn oògùn MS kan, bí interferon, lè mú un burú sí i. Kí Táíwò bi dókítà rẹ̀ bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún antibody aquaporin-4. Kó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ má náwó sórí àyẹ̀wò jíìnì Kẹ́hìndé, kò sí ohun tí èsì rẹ̀ yóò yí padà. Bó bá ń mu sìgá, kó jáwọ́, torí sìgá ń dá kún ewu MS. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú lójijì tó sì ń dùn ún, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tí kò tètè sọjí, kó lọ sí ilé ìwòsàn OAUTHC láìfi falẹ̀, kó sì sọ fún wọn pé ìkejì òun ní MS.