Ẹ̀kọ́ 9: Igi Ẹlẹ́gùn-ún Tó Di Èédú

Àgbẹ̀ Kúbà kì í fẹ́ rí marabú lóko. Igi kúkúrú ni, ẹ̀gún rẹ̀ gùn, ó sì mú. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti dé Kúbà kí ọdún 1900 tó pé. Màlúù ń jẹ èso rẹ̀, ó sì ń fi ìgbẹ́ gbin hóró rẹ̀ káàkiri.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè Sófíẹ̀tì túká ní 1991, Kúbà pàdánù oníbàárà tó ń ra ṣúgà rẹ̀ jù. Ní 2002, ìjọba ti nǹkan bí ìdajì ilé iṣẹ́ ṣúgà pa. Oko ìrèké di igbó, marabú sì gba ibẹ̀.

Èédú ni wọ́n ń fi marabú sun. Wọn a gé e, wọn a tò ó jọ bí òkìtì, wọn a fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, wọn a wá fi iná sí inú. Erùpẹ̀ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé púpọ̀, igi á jó di eérú. Bí kò bá wọlé tó bẹ́ẹ̀, omi inú igi á gbẹ, èédú á ṣẹ́kù. Ọjọ́ mélòó kan ni òkìtì fi ń jó, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Bó bá là níbì kan, wọn a tètè dí i. Èéfín funfun tó nípọn fi hàn pé omi ṣì wà nínú igi. Bó bá fẹ́lẹ́, tó ń ṣe bíi búlúù, ó ti ń jinná.

Ní oṣù kìíní 2017, tọ́ọ̀nù 40 èédú yìí wọ Amẹ́ríkà, $420 ni tọ́ọ̀nù kan. Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n marabú kò tíì tán: bí wọ́n bá gé e, gbòǹgbò rẹ̀ á tún hù, àfi bí wọ́n bá hú u.

Bí ẹ bá fẹ́ fi èédú marabú yan ẹran, ẹ mọ̀ pé igi líle ni, nítorí náà iná èédú rẹ̀ gbóná, ó sì ń pẹ́. Kì í tètè ràn. Igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ ni kí ẹ fi dáná sí i. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ó ń ba adùn ẹran jẹ́. Ẹ dúró kí eérú bo ojú èédú kí ẹ tó gbé ẹran lé e. Ìta gbangba ni kí ẹ ti yan án, torí afẹ́fẹ́ burúkú tí kò lóòórùn ń jáde lára èédú, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá. Bí ẹran bá jinná tí èédú ṣì kù, ẹ fi ìdérí bò ó pa. Ẹ ó tún rí i lò.